Àgọ́ Tàbí Ibùsùn Àsorọ̀ Lọ́nà Ìdànrè

Ẹni tó bá ń dá gun kẹ̀kẹ́ láti Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè, tó sì fẹ́ sun inú igbó mọ́jú, lè gbé àgọ́ tàbí ibùsùn àsorọ̀ tí a ń so mọ́ igi méjì. Àgọ́ ń gba òjò dúró, ẹrù sì ń wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, èèkàn rẹ̀ kì í sì í wọ orí àpáta. Bí ìjàlọ bá tún wọ́ gba ibẹ̀ kọjá lóru, oorun ti parí nìyẹn. Ibùsùn àsorọ̀ fúyẹ́, àmọ́ ẹ̀fọn a máa gún ènìyàn láti abẹ́ aṣọ rẹ̀, kò sì yẹ kí a so ó mọ́ igi kòkó olóko láìgbàṣẹ. Òun ni mo fara mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.