MetroPlex àti Focus: oògùn tó gba ẹja mi sílẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò inú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja omi iyọ̀. Oògùn MetroPlex tí Seachem ń ṣe ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, òun àti Focus tí wọ́n jọ ń rìn, torí àwọn méjèèjì ló yọ blue tang mi lọ́wọ́ ikú, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíì pàdánù ẹja bí mo ṣe pàdánù ti àkọ́kọ́.

Houston ní Amẹ́ríkà níbí ni mo ti ra blue tang ọ̀hún. Ẹja tó rẹwà gan-an, ara búlúù, ìrù yẹ́lò, bí mo bá ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán báyìí á ti sáré wá síwájú gíláàsì. Oúnjẹ ò sú u rí. Àmọ́ nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì mo rí i pé bó ṣe ń jẹ tó yẹn ló ń rù, tẹ́ ẹ bá wò ó láti iwájú ẹ̀yìn ẹ̀ ti tínrín bí ẹnu ọ̀bẹ, ikùn ẹ̀ ti wọ inú. Ara fu mí. Mo gbé àga ti táńkì lálẹ́ ọjọ́ kan, mo kàn ń wò ó ṣáá, ló bá yàgbẹ́: funfun báláú, ó gùn, ó rí bí òwú ìránṣọ, ó sì ń wọ́ ọ tẹ̀lé ara ẹ̀ káàkiri táńkì kó tó já. Ìgbẹ́ ẹja tára ẹ̀ le kì í rí bẹ́ẹ̀, àwọ̀ oúnjẹ tó jẹ ló máa ń ní.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á ní kí n da oògùn kọ́pà sí i. Kọ́pà yẹn náà ni wọ́n ní kí n lò fún ti àkọ́kọ́ o, ó sì kú. Ó dùn mí gan-an, torí kọ́pà dáa fún àrùn ich omi iyọ̀ àti velvet, àwọn tó ń bá awọ ẹja àti ibi tó fi ń mí jà, àmọ́ ohun tó wà nínú ìfun, kò kàn án rárá.

Metronidazole ló wà nínú MetroPlex. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí Nàìjíríà mọ̀ ọ́n dáadáa, òun náà ni Flagyl tí wọ́n máa ń fún wa tí inú bá ń yọ wá lẹ́nu. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ní nǹkan bí ìrù tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́, bíi Spironucleus, ni iṣẹ́ ẹ̀. Kì í pa aràn o! Tó bá jẹ́ aràn pẹlẹbẹ ni, praziquantel lẹ máa wá, bíi PraziPro tí Hikari ń ṣe. Ìgbẹ́ funfun nìkan ò sì lè sọ èyí tó jẹ́ fún yín, maikirosikóòpù ló lè fi hàn, torí náà tí ọ̀kan ò bá ṣiṣẹ́ ẹ gbìyànjú èkejì.

Inú oúnjẹ ni kẹ́ ẹ ti lò ó. Mo yọ edé mysis nínú fíríìsà, mo jẹ́ kó yọ́, mo sẹ́ omi ẹ̀ dànù pátápátá, ṣíbí ńlá kan, mo wá bu ṣíbí kékeré inú ike oògùn kan sí i àti ṣíbí kékeré Focus kan, mo pò ó pọ̀. Focus yẹn ló ń jẹ́ kí oògùn lẹ̀ mọ́ edé kó má bàa ṣàn lọ sínú omi, nítorí náà ẹ ra méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Oògùn ọ̀hún korò! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó gbé e sẹ́nu ó tu ú dànù, ó tún gbé e ó tún tu ú. Ọkàn mi ò balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo wá fún omi aáyù sí i, mo gbé e sí fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lọ́jọ́ kẹta ló tó gbé e mì. Lọ́jọ́ kẹjọ ìgbẹ́ ẹ̀ ti padà di àwọ̀ ilẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mi ò dúró o, mo fún un títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi pé.

Tí ẹja yín ò bá jẹun mọ́ ńkọ́? Ẹ gbé e sí táńkì ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ da oògùn sómi, ṣíbí kékeré inú ike oògùn 1 sí 2 fún líítà 40, ní ọjọ́ méjì-méjì, kẹ́ ẹ yọ èédú inú fíltà kẹ́ ẹ sì pa iná UV tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi. Ẹja omi iyọ̀ máa ń mu omi tó wà nínú ẹ̀, kò dà bíi ti omi dídùn tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mu nǹkan kan, nítorí náà díẹ̀ á dénú ìfun ẹ̀. Àmọ́ ti inú oúnjẹ dáa jù ú lọ fíìfíì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja àrọ̀ nílé fún títà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn o. Ní Amẹ́ríkà níbí òfin ò gbà kí wọ́n lo metronidazole fún ẹran tàbí ẹja tí èèyàn máa jẹ. Èyí tó kù tí mo ti pò ṣì wà nínú fíríìsà mi, mo kọ “oògùn ẹja” gàdàgbà sára rọ́bà ẹ̀ torí àwọn ọmọ.