Bíà Bẹ́ljíọ̀m nílé: kíìtì olóje ni tàbí ti ọkà?

Kíìtì (àkójọ èròjà) méjì ló sábà máa ń wà fún ẹni tó fẹ́ pọn bíà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti Bẹ́ljíọ̀m: èyí tí wọ́n ti fún oje mọ́ọ̀tì (ọkà bálì tí wọ́n mú hù, tí wọ́n sì sá gbẹ) rẹ̀ sílẹ̀, àti èyí tó jẹ́ ọkà bálì fúnra rẹ̀.

Oje kò le: láàárín wákàtí mẹ́ta, ó ti wọ garawa tí ìwúkàrà á ti sọ ọ́ di ọtí. Ọkà lè gba wákàtí mẹ́fà, ó sì ń fẹ́ ìkòkò ńlá. Àmọ́ owó ọkà kéré sí ti oje fún ẹni tó ń pọn ọtí lemọ́lemọ́.

Àwọ̀ àti adùn ni ọ̀rọ̀ wà. Oje olómi tó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń dúdú, bíà tó yẹ kó ní àwọ̀ wúrà á wá pọ́n jù. Ọlọ́kà lè rẹ tirẹ̀ sínú omi 65°C fún wákàtí kan kí ọtí má bàa ki lẹ́nu. Fún ìdí kan náà, olóje á fi ṣúgà rọ́pò díẹ̀ nínú oje. (Òórùn èso àti ata tí bíà Bẹ́ljíọ̀m máa ń ní, ìwúkàrà ló ni ín, kì í ṣe oje tàbí ọkà.) Ní ti kíkan, ìdọ̀tí ń ba méjèèjì jẹ́ bákan náà.

Bó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, tí ilé ìdáná sì há, ra olóje, pàápàá oje lẹ́búlẹ́bú. Bó o bá ní àyè àti odindi ọjọ́ kan, tó o sì fẹ́ máa yí adùn rẹ̀ pa dà bó ṣe wù ọ́, ọkà ni kó o mú.