Àgbéyẹ̀wò ojú irin Unitrack Compact: kóòṣì gígùn lórí kọ́nà tó há

Ẹni tí ó bá ń gbé inú fúlátì oníyàrá méjì ní Bódìjà, tí ó sì fẹ́ kí rélùwéè kékeré máa yí po lórí tábìlì rẹ̀, kò ní àyè fún ojú irin tó gbòòrò. Ìdí nìyí tí mo fi ra ojú irin Unitrack Compact ti ilé iṣẹ́ Kato ní Japan, èyí tí wọ́n ṣe fún ibi tó há, tí mo sì gbé kóòṣì èrò mẹ́ta tó gùn lé e lórí. Ojú irin náà ni mo ń gbé yẹ̀wò níhìn-ín, pẹ̀lú àwọn àtúnṣe tí mo ṣe sí kóòṣì kí wọ́n tó lè gba orí rẹ̀ kọjá. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe àwọn kóòṣì náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ nípa wọn kan gbogbo kóòṣì tó bá gùn tó bẹ́ẹ̀, ẹni yòówù kó ṣe é.

Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní N ni gbogbo rẹ̀, àlàfo àárín irin méjèèjì sì jẹ́ mìlímítà 9. Ní Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n máa ń pín ọkọ̀ gidi sí ọ̀nà 160 kí wọ́n tó ṣe kékeré rẹ̀. Ní Japan, ọ̀nà 150 ni fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin wọn, àyàfi Shinkansen tó ń sá eré burúkú, tí òun náà jẹ́ 160. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó kan ará Ìbàdàn. Ojú irin àtijọ́ tó ti Èkó dé ọ̀dọ̀ wa ní 1901 fẹ̀ ní mìlímítà 1,067, bákan náà gẹ́lẹ́ sì ni ti èyí tó pọ̀ jù nínú ojú irin Japan. Ojú irin tuntun tó dé Mọ́níyà, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, fẹ̀ ní 1,435. Bí ẹ bá pín 1,435 sí ọ̀nà 160, ẹ ó rí 9. Bí ẹ bá pín 1,067 sí ọ̀nà 150, 7 àti díẹ̀ ni. Ìyẹn ni pé kóòṣì tó wà lọ́wọ́ mi, tó jẹ́ àwòrán ti Japan, dúró lórí ojú irin tó fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà tí ti Mọ́níyà, bí ẹnikẹ́ni bá ṣe kékeré rẹ̀ lọ́jọ́ kan, yóò bá ìwọ̀n N mu rẹ́gí. Èyí kò dí eré lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó mọ rélùwéè Dùgbẹ̀ dáadáa á rí i.

Oríṣi kọ́nà mẹ́ta ló wà nínú Compact: 117, 150 àti 183. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni iye mìlímítà láti àárín gbùngbùn òbírí dé àárín ojú irin, tí ó fi jẹ́ pé bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí ni kọ́nà ṣe há tó. Ègé mẹ́jọ ló parí òbírí kan. Òbírí 117 jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 26 láti etí kan dé èkejì, a lè gbé e lé orí ìjókòó àga. Òbírí 183 kò tó 40. Nínú Unitrack ńlá, òbírí 315 nìkan ń gba ohun tó lé ní 65. Irin náà jẹ́ àdàlù bàbà, níkẹ̀lì àti síńkì. Òkúta wẹ́wẹ́ abẹ́ rẹ̀ jẹ́ ike tí wọ́n ti ṣe mọ́ ọn. Bí a bá sì so ègé méjì pọ̀, ó máa ń dún láti jẹ́ kí a mọ̀ pé ó ti wọlé. Mo máa ń tú u ká lálẹ́ nítorí àwọn ọmọ ilé, mo sì máa ń tò ó padà ní òpin ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ àwọn ìsopọ̀ náà kò tíì dẹ̀. Fún iṣẹ́ ọwọ́, n kò rí ohun tí mo lè bù kù lára rẹ̀.

Gígùn kóòṣì ló ń bí ìjà. Kóòṣì kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí jẹ́ àwòrán ti gidi tó gùn ní mítà 20, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ gùn ní mìlímítà 133. Bógì méjì ló gbé e, ìyẹn ẹsẹ̀ oníkẹ̀kẹ́ mẹ́rin tí ń yí lábẹ́ rẹ̀, mìlímítà 92 sì ló wà láàárín bógì kan sí èkejì. Bógì ń tẹ̀lé irin, ṣùgbọ́n ara kóòṣì kò lè tẹ̀. Nígbà tí bógì méjèèjì bá wà lórí kọ́nà, àárín kóòṣì á wọ inú òbírí, orí àti ìdí rẹ̀ á sì yọ síta. Lórí 117, àárín á wọ inú ní ohun tó lé díẹ̀ ní mìlímítà 9, orí náà á sì yọ síta ní iye kan náà. Ẹ má gbàgbé pé 9 ni fífẹ̀ ojú irin gan-an. Lórí 183, ó bọ́ sí nǹkan bíi 6, lórí 249, kọ́nà kan nínú Unitrack ńlá, ó sì jẹ́ bíi mẹ́rin ààbọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá rántí ìṣirò Pythagoras láti sẹ́kọ́ńdìrì lè ṣe èyí lórí bébà kí ó tó náwó, mo sì rọ̀ yín kí ẹ ṣe é.

Bógì náà tún gbọ́dọ̀ ní àyè láti yí. Lórí 249, ó ń yí ní nǹkan bíi dígírì 11. Lórí 183, ó tó 15. Lórí 117, ó di 23. Lára páálí àwọn kóòṣì yìí ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kí a má gbé wọn gba kọ́nà tó há ju 249 lọ, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni. Kí bógì tó yí dé 15, igun rẹ̀ ti kan àwọn àpótí ike tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ kóòṣì, kẹ̀kẹ́ iwájú á gun orí irin, kóòṣì á sì bọ́.

Síbẹ̀, ìkọ́ tó so kóòṣì mọ́ kóòṣì ló fún mi ní iṣẹ́ jù. Abẹ́ ara kóòṣì fúnra rẹ̀ ni wọ́n kan ìkọ́ náà mọ́. Nígbà tí kóòṣì méjì bá ti jọ wọ kọ́nà tán, ìdí ti iwájú àti orí ti ẹ̀yìn jọ yọ síta bákan náà, àwọn ìkọ́ sì kọjú síra, kò sí ìjàngbọ̀n. Ẹnu ibi tí kọ́nà ti bẹ̀rẹ̀ ni wàhálà wà: kóòṣì iwájú ti ń wọlé, ìdí rẹ̀ ti ń yọ síta, nígbà tí èyí tó tẹ̀lé e ṣì wà lórí irin títọ́. Ìkọ́ kan á máa fa èkejì sí ẹ̀gbẹ́, èyí tó bá fúyẹ́ jù nínú wọn á sì fò kúrò lórí irin. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi máa ń bọ́ ní ojú kan náà ṣáá, tí onílé á sì máa fi ẹ̀sùn kan ojú irin tí kò ṣẹ̀.

Mo gbé ìkọ́ kúrò lára kóòṣì lọ sí ara bógì, kí ó lè máa bá bógì yí. Irú ìkọ́ tí Arnold ti Jámánì dá sílẹ̀, tó ti di ti gbogbo ayé ní ìwọ̀n N, ni mo lò, nítorí pé kò lẹ́wà ṣùgbọ́n kì í ṣèlérí lásán. Lẹ́yìn náà, mo tún kọ́nà tò: dípò ègé 117 mẹ́rin fún ìdajì òbírí, mo fi 183 kan ṣáájú, 117 méjì sí àárín, 183 kan sí ìparí. Kóòṣì ń wọ kọ́nà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ báyìí, bíbọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun àtijọ́. Bí ọ̀nà yín bá máa tẹ̀ sí ọ̀tún kí ó tó tẹ̀ sí òsì, ẹ fi irin títọ́ tó gùn tó kóòṣì kan, ó kéré tán, sí àárín kọ́nà méjèèjì.

Ohun kan wà tí ìkọ́ kò lè tún ṣe. Lórí 117, kóòṣì méjì tó tẹ̀léra ń kọ ẹ̀gbẹ́ síra tó bẹ́ẹ̀ tí igun wọn ti inú á kan ara wọn, àfi tí a bá fi àlàfo bíi mìlímítà 12 sí àárín wọn. Ẹ sọ 12 di ìlọ́po 150, ẹ ó rí i pé mítà kan ó lé mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni. Èrò tó bá fẹ́ ti kóòṣì kan bọ́ sí èkejì nínú ọkọ̀ mi ní láti fò ó, ìyá arúgbó tó gbé igbá dání kò sì lè fò ó. Lórí 183, àlàfo bíi 7 ti tó, ojú sì lè gbà á. Níbí ni èrò mi ti dá dúró: kóòṣì mítà 20 lè sáré lórí 117, ṣùgbọ́n kò yẹ ẹ́.

Ní ti ohun èlò àtúnṣe, Ìbàdàn kò ní kí ènìyàn pòṣé. Fáìlì wẹ́wẹ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù ń lò ni mo fi rin àwọn àpótí abẹ́ kóòṣì, díẹ̀díẹ̀, tí mo sì ń fi ọwọ́ yí bógì wò lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe fi abẹ gé e lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ibi tí sukúrù bógì jókòó sí kò nípọn. Mo gé rọ́bà ẹnu ọ̀nà àárín kóòṣì kúrò, mo sì fi bébà dúdú tí mo ká bí ikùn àkọ́díọ́nù rọ́pò rẹ̀. Orí kóòṣì kan ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀.

Ìwúwo tún ṣe pàtàkì. Ìlànà NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe rélùwéè kékeré ní Amẹ́ríkà, fún ìwọ̀n N ni gíráàmù 14 pẹ̀lú ohun tó lé díẹ̀ ní 4 fún ínǹṣì kọ̀ọ̀kan tí kóòṣì fi gùn. Fún kóòṣì 133, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 36, tèmi kò sì tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó dé. Mo lọ ra òjé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe báláǹsì táyà lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan ní Ring Road. Ó bi mí pé, "Bàbá, mọ́tò wo lẹ fẹ́ fi sí?" Mo ní rélùwéè ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fún mi ní ẹ̀ẹ̀nì. Òjé náà ní gúlúù lẹ́yìn, gíráàmù márùn-ún márùn-ún ló sì pín sí, nítorí náà ó rọrùn láti wọ̀n. Ilẹ̀ kóòṣì ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, láàárín, kí ìwúwo lè wà nísàlẹ̀. Kí gbogbo kóòṣì sì dọ́gba, nítorí pé bí èyí tó fúyẹ́ bá wà níwájú, tí èyí tó wúwo wà lẹ́yìn, ìfà ọkọ̀ á wọ́ èyí tó fúyẹ́ ṣubú sí inú kọ́nà.

Nípa iná, ẹ ṣọ́ra. Ẹ̀rọ ìdarí tí wọ́n ń tà ní Japan wà fún iná fóltì 100, tiwa sì lé ní ìlọ́po méjì rẹ̀. Ṣùgbọ́n fóltì 12 ti bátìrì nìkan ni ojú irin ń fẹ́. Mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń dín eré kù ní Queen Cinema, mo so ó mọ́ bátìrì, ọkọ̀ mi sì ń sáré yálà iná wà tàbí kò sí. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bo irin. Aṣọ funfun tó ní sípírítì díẹ̀ ti tó.

Ẹ̀yin tó ń gbèrò ojú irin méjì, ọ̀kan nínú èkejì, ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó rà á. Mìlímítà 33 ni Kato fi sí àárín 117 àti 150, bẹ́ẹ̀ náà ni láàárín 150 àti 183. Fún ọkọ̀ kúkurú, ó pọ̀ tó. Fún kóòṣì 133 tó fẹ̀ ní 19, igun ọkọ̀ inú á kan ìhà ọkọ̀ ìta bí wọ́n bá pàdé lórí 117 àti 150, àtúnṣe ìkọ́ tàbí òjé kankan kò sì lè gbà wọ́n. Ẹ fo 150, kí ẹ lo 117 àti 183, tàbí kí ọkọ̀ gígùn má ṣe pàdé ara wọn nínú kọ́nà.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, màá ní kí ó ra 183 fún kóòṣì èrò gígùn, kí ó sì fi 117 sílẹ̀ fún ọkọ̀ kékeré bí irú Pocket Line ti Kato fúnra rẹ̀. Owó ẹrù láti Japan kò kéré, nítorí náà ẹ ra méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sì kọ́kọ́ gbé kóòṣì yín sórí irin títọ́, kí ẹ dán an wò dáadáa, kí fáìlì tó kàn án, nítorí pé kò sí ọlọ́jà tó máa gba kóòṣì tí a ti rin abẹ́ rẹ̀ padà.