Ẹ ṣọ́ra fún onítáàsì tí kì í buwọ́ lùwé

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Houston, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú arúgbó, tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ wíàháùsì, tẹ́ ẹ ń wa Uber, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó gbé W-2 yín, ìwé tó ń fi iye owó iṣẹ́ yín hàn, fún ẹnikẹ́ni. Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó gbé tábìlì sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ láti oṣù kìn-ín-ní títí di oṣù kẹrin, tó lóun ń bá "àwọn ará wa" ṣe ìwé táàsì, ìyẹn owó orí, tẹ́ ẹ ò sì mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i tó bá di oṣù karùn-ún, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn lọ bá a ní oṣù kejì ọdún 2025. Owó tí mo pa ní 2024 tó $38,000, èmi nìkan ni mo sì ń tọ́ àwọn ìbejì mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló júwe ẹ̀, ó ní rífọ́ńdì tiẹ̀, ìyẹn owó tíjọba ń dá padà, kì í kéré. Bí mo ṣe jókòó, ó wo W-2 mi, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ ò máa ń ṣòwò kankan mọ́ ọn? Ẹ ò máa ń taṣọ?" Mo ní mo ti ta léèsì díẹ̀ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti bùṣe nìyẹn." Ó ń tẹ kọ̀ǹpútà lọ. Kò béèrè ìwé ilé ìwé àwọn ọmọ, kò béèrè ìwé ilé tá à ń gbé. Ó tiẹ̀ ní tí mo bá fẹ́, òun lè fi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà n'Íbàdàn kún un. Ìyẹn ni mo ṣì ní làákàyè láti kọ̀. Mo san $450 lówó tútù, kò fún mi ní rìsíìtì. Bébà kan ṣoṣo ló tẹ̀ fún mi, rífọ́ńdì $8,700 ló wà lára ẹ̀. Kí n má parọ́, inú mi dùn débi pé mo tún ra málítì fún un.

EITC ló fi ń ṣọdẹ wa. Láti ọdún 1975 nìjọba Amẹ́ríkà ti ń san owó yìí fún òṣìṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un ò pọ̀. Fún iṣẹ́ ọdún 2025, ẹni tó lọ́mọ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gbà tó $8,046. Ẹni tí kò lọ́mọ, kò lè ju $649. Owó náà kì í dúró lójú kan. Bí owó iṣẹ́ ẹ bá ṣe ń pọ̀ lòun náà ń pọ̀, á dúró tó bá dé ibì kan, lẹ́yìn náà á máa já wálẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ráyè. Ẹni tí owó ẹ̀ kéré jù, wọ́n á kọ ọ́ pé ó ń dirun, ó pawó. Ẹni tí tiẹ̀ ti kọjá àyè bíi tèmi, wọ́n á ní ó ṣòwò, ó sì pàdánù. Ó kọ ọ́ sí Schedule C, ìwé tí wọ́n ń kọ èrè àti àdánù òwò sí, pé mo pàdánù $14,000 nídìí aṣọ títà. Èmi tí gbogbo léèsì tí mo ti tà láyé mi ò pé márùn-ún! Bí $38,000 ṣe di $24,000 nìyẹn, tí EITC mi tó yẹ kó jẹ́ bíi $3,700 sì fò sókè dé nǹkan bíi $6,700.

Ní oṣù kẹjọ ni lẹ́tà IRS, àjọ tó ń gba owó orí ní Amẹ́ríkà, dé, wọ́n ní kí n mú ìwé òwò mi wá. Mo pe ọkùnrin náà, fóònù ò lọ. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, ìyá tó ni ín lóun kàn yá a láyè ni.

Kílíníkì táàsì ni mo gbà lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní LITC, tí wọ́n ti ń bá ẹni tówó ẹ̀ ò pọ̀ gbẹjọ́ pẹ̀lú IRS. Ìyá àgbà òyìnbó kan gba ẹ̀dà ìwé tó wà lọ́wọ́ IRS gan-an, ó fi bírò tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì 1040, ìwé táàsì gan-an, níbi tó yẹ kí onítáàsì buwọ́ lù, kó kọ PTIN ẹ̀, nọ́ńbà tí IRS ń fún onítáàsì. Orúkọ ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i ni pé èmi fúnra mi ni mo ṣe é. Ó ṣí ìwé míì: $11,500 ni rífọ́ńdì, wọ́n sì pín in sí àkáǹtì méjì. $8,700 wọ tèmi, $2,800 wọ ibi tí mi ò mọ̀. Ẹni a ní kó feni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ká ní wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ, bíi $7,700 ni màá gbà. Ìyẹn ni pé $1,000 péré ló fi kún tèmi, $3,800 pẹ̀lú èlé àti owó ìtanràn ni IRS sì ń béèrè lọ́wọ́ mi, torí orúkọ mi ló wà lórí ìwé. Ìyá yẹn bá mi kọ fọ́ọ̀mù 14157 àti 14157-A láti fẹjọ́ ẹ̀ sùn, ẹjọ́ $2,800 ọ̀hún ṣì wà nílẹ̀. Ẹ̀rù tó bà mí jù ni ti ìdádúró. Tí IRS bá gbà pé àìbìkítà ni, ọdún méjì lèèyàn ò fi ní gba EITC. Tí wọ́n bá gbà pé jìbìtì ni, ọdún mẹ́wàá.

Torí náà, ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín tí kò fẹ́ buwọ́ lùwé, ẹ dìde níwájú ẹ̀. Ẹni tó bá ní iye tí rífọ́ńdì bá jẹ́ lòun máa fi bu tòun, òun náà nìyẹn. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ka nọ́ńbà àkáǹtì tó wà lórí ìwé ní oókan-oókan, kẹ́ ẹ gba odindi ẹ̀dà, kì í ṣe bébà kan. Òfin ò jẹ́ kí IRS san rífọ́ńdì tí EITC wà nínú ẹ̀ títí oṣù kejì á fi dé ìdajì, ẹni tó bá ní tiyín á dé ní oṣù kìn-ín-ní, owó èlé ló fẹ́ yá yín. Ti ọmọ tó wà nílé ní Nàìjíríà ńkọ́? Ọmọ tí wọ́n máa kà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà Social Security, kó sì bá yín gbé ní Amẹ́ríkà níbí ju ìdajì ọdún lọ.

Ọ̀fẹ́ ni VITA, ètò táwọn olùyọ̀ǹda ti ń bá èèyàn ṣe táàsì, ń ṣe tiwọn, nínú láíbìrì àti ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri. Lọ́dún 2025, ẹni tí owó ẹ̀ ò ju bíi $67,000 lọ ni wọ́n ń bá ṣe é. Ẹ pe 800-906-9887, wọ́n á sọ èyí tó sún mọ́ yín. Ìlà ibẹ̀ máa ń gùn lóòótọ́, wọ́n á sì bi yín ní ìbéèrè títí á fi sú yín. Ẹ gbé ìpápánu dání.

Ọ̀rẹ́ mi tó júwe ẹ̀ fún mi náà ti gba lẹ́tà tiẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ọkùnrin náà ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ̀yìn ilé ìdirun kan ló gbé tábìlì ẹ̀ lọ báyìí.