Irúgbìn Súkíní Tí Àrùn Kì Í Tètè Mú: Ohun Tí Mo Rí Lóko Mi ní Kuje

Ọdún méjì ni fáírọ́ọ̀sì fi ba súkíní mi, ìyẹn ẹ̀yà kan tó bá elégédé tan, jẹ́: ewé á lọ́ pọ̀, á di aláwọ̀ ìyeyè, èso á sì yọ kókó káàkiri ara. Oògùn tí mò ń fín kò ràn án, nítorí pé kí oògùn tó pa kòkòrò kéékèèké tó ń gbé àrùn náà kiri, kòkòrò náà ti gún ewé, ó sì ti kó àrùn ràn án.

Èyí ló mú kí n ra irúgbìn tuntun kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Gwagwalada. Ẹni tó tà á fún mi ní àrùn kankan kò ní mú un. Nígbà tí mo fi èékánná họ bébà iye owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rá náà kúrò, mo rí i pé "IR: ZYMV, WMV" ni wọ́n kọ, èyí tó túmọ̀ sí pé fáírọ́ọ̀sì méjì péré ni ó lè fara dà, ìfaradà náà kò sì kọjá ìwọ̀n. Kò yẹ kí wọ́n bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo gbin ogún ihò nínú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ogún ihò ti àtijọ́. Nígbà tí ìkórè bẹ̀rẹ̀, mẹ́rìnlá nínú ti àtijọ́ ti lọ́. Mẹ́ta péré ni ewé wọn ní àmì nínú ti tuntun, èso wọn sì gún régé. Àrùn funfun tó dà bí ìyẹ̀fun lórí ewé kò dá ìkankan sí nínú méjèèjì.

Irúgbìn F1 ni, ìyẹn ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n mú oríṣi méjì lọ́ pọ̀, nítorí náà bí a bá tọ́jú èso rẹ̀ gbìn, àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní jọ ara wọn. Ríra ni a ó máa rà á lọ́dọọdún. N kò bínú sí owó náà, nítorí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni kí ènìyàn máa mú oríṣi kan lọ́ pọ̀ mọ́ òmíràn títí ìwà ọmọ wọn yóò fi dúró, òfin tí Nàìjíríà sì ṣe ní 2021 dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó bá ṣe é. Ohun tó ká mi lára ni pé elégédé ilẹ̀ wa kan, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní "Nigerian Local", wà lára àwọn tí wọ́n ti mú agbára láti kọ ZYMV wọ inú súkíní lókè òkun.

Mo máa tún un rà. Ṣùgbọ́n mo ti ń gba irúgbìn elégédé ìbílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní Kuje, mo sì ń kọ orúkọ abúlé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá sára ìgò rẹ̀.