Oògùn Fàdákà fún Eyín Ọmọdé: Àgbéyẹ̀wò Àwa Tí A Ń Lò Ó ní Ìkòròdú

Kí á kọ́kọ́ sọ èyí tó le jù: oògùn yìí máa ń sọ ibi tí kòkòrò ti jẹ lára eyín di dúdú bíi kóró iṣin, dúdú náà kì í sì í ṣí títí eyín ọmọdé náà yóò fi yọ kúrò lẹ́nu. Òbí tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á, kí ó má jẹ́ kí wọ́n fi kan ọmọ rẹ̀. Àmọ́ fún ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún tí kì í jókòó jẹ́ẹ́, tí ẹ̀rù ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín ń bà, a ò tíì rí irú rẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí gbígbẹ́.

Silver diamine fluoride ni orúkọ rẹ̀. SDF ni à ń pè é. Èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 38 nínú 100 ni à ń lò. Fàdákà ló ń pa kòkòrò, fúlóráìdì ló ń mú eyín tó ti rọ̀ le padà. Fúlóráìdì inú rẹ̀ tó nǹkan bí 44,800 ppm (ìyẹn ìdá 44,800 nínú mílíọ̀nù kan), nígbà tí ti ọṣẹ ìfọyín ojoojúmọ́ kì í sábà ju 1,500 lọ, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe ohun tí à ń gbé lọ lò nílé. Ọdún 2021 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fi í sínú ìwé àwọn oògùn tó pọn dandan.

Nínú mímú kí ojú eyín gbẹ kúrò nínú itọ́ ni iṣẹ́ ti ń dára tàbí kó bàjẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì la kọ́kọ́ fi ń kó oúnjẹ kúrò nínú ihò. Bí bisikíìtì bá ṣì há síbẹ̀, ara bisikíìtì ni oògùn yóò mu, kò ní dé eyín. A ó fi fasilín pa ètè, a ó ki òwú sí ẹ̀gbẹ́ eyín kí itọ́ má bàa ṣàn dé ibẹ̀, a ó sì nu eyín gbẹ táútáú. Ẹ̀kán kan la ń kán sínú àwo ike, kì í ṣe ti gíláàsì tàbí irin. Tí a bá ti kán an, a kì í jẹ́ kó pẹ́ níta, torí amóníà inú rẹ̀ ń fò lọ. A ó ki ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì kékeré bọ̀ ọ́, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí àwo kí èyí tó pọ̀ jù kán padà, ká tó fi pa inú ihò fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Lẹ́yìn náà, òwú ni a fi ń fa èyí tó ṣẹ́ kù, a ó sì fi fáníìṣì fúlóráìdì (oògùn fúlóráìdì tó ń lẹ̀ mọ́ eyín) bò ó. Ọmọ tó ń jà fitafita lè má gbà kó tó ìṣẹ́jú kan. A ṣì máa ń pa á, ṣùgbọ́n a máa ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó tètè mú un padà wá.

Bí ó bá kan awọ, kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ó lè di ọjọ́ kejì kí ẹ tó rí àmì dúdú lágbọ̀n ọmọ. Ẹ má fi kànìnkànìn ha á o. Yóò ṣí fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ méjì. Ti aṣọ ni kì í lọ, nítorí náà ẹ má wọ aṣọ ilé ìwé fún un lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe gbogbo eyín ló wà fún. Eyín tó ń dédé dun ọmọ lóru, èyí tí oówo ti yọ sí èrìgì ẹ̀bá rẹ̀, tàbí èyí tí ihò rẹ̀ ti dé iṣan inú, SDF kò lè gbà á là. Ọmọ tí fàdákà kì í bá lára mu kò gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹni tí egbò wà lẹ́nu rẹ̀, kí egbò kọ́kọ́ san. Ó máa ń dùn wá gan-an tí wọ́n bá fi pa eyín tó ti kọjá ibẹ̀, tí ọmọ wá ń sunkún mọ́jú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ẹ mú un padà wá. Eyín tí oògùn ti ràn, á dúdú, á máa dán, ó sì le kóókó bí a bá fi irin kékeré tọ́ ọ wò. Èyí tó ṣì rọ̀, a ó tún un pa. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni. Ìwádìí fi hàn pé ó ń dá nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ihò dúró, ti eyín iwájú sì sàn ju ti ẹ̀yìn lọ. Kíkọ̀ láti padà wá gan-an ló ń bà á jẹ́ jù lọ́dọ̀ wa: òbí láti Ìgbógbó tàbí Sábó á rí i pé eyín ti dákẹ́, ó parí, nígbà tí súìtì àti ohun mímu aládùn kò tíì kúrò lọ́wọ́ ọmọ.

Oògùn náà kì í dí ihò. Bí oúnjẹ bá ń há sínú eyín ẹ̀yìn, tí ọjọ́ àtiyọ rẹ̀ ṣì jìn (ọdún 10 sí 12 ni púpọ̀ nínú wọn ń yọ), ẹ ní kí wọ́n fi símẹ́ńtì eyín dí i. Kí ẹ sì tó sanwó, ẹ béèrè bóyá iye eyín kọ̀ọ̀kan ni wọ́n pè tàbí ti ìjókòó kan, torí ẹ̀kán kan ṣoṣo ń tó eyín márùn-ún.