Wíńsíkírìn fún Classic 350: èyí tí mo yàn, àti ìdí tí mo fi yàn án

Alùpùpù Classic 350 ti Royal Enfield ni mò ń gùn, irú èyí tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì tuntun sí ní 2021. Iná iwájú róbótó, irin tó bo iná náà lórí, ìjókòó tó gbé ni dúró ṣánṣán: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣe kó jọ alùpùpù ayé àwọn bàbá wa. Ìjókòó ṣánṣán yẹn gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí àyà ẹni tó ń gùn ún ló ń kojú atẹ́gùn. Láàrin ìlú Àkúrẹ́, ẹ ò ní mọ̀. Láti Ọjà Ọba dé Alágbàká, eré kì í tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jáde sí ọ̀nà Oǹdó, tí mo sì ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan, atẹ́gùn ni mò ń bá jà. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn fi ń ti èèyàn sẹ́yìn a di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ọrùn fi máa ń ro ni lẹ́yìn ìrìn-àjò tí kò jìnnà rárá. Ẹ wá fi eruku ọyẹ́ kún un, àti èsúnsún tó máa ń yọ lẹ́yìn òjò tí í máa gbá mọ́ni lójú ní ìrọ̀lẹ́.

Nítorí èyí ni mo ṣe fi wíńsíkírìn sí i, ìyẹn ike tó ń dí atẹ́gùn níwájú ẹni tó ń gùn ún. Tèmi kò ga, kò sì kúrú. Ó mọ́ gaara, polycarbonate, irú ike líle kan, ni wọ́n fi ṣe é, ọwọ́ alùpùpù ni wọ́n sì ń dè é mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidi, mo sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gun irú alùpùpù yìí pé kó wá irú rẹ̀. Àmọ́ èyí tó bá mi mu lè má bá ẹlòmíràn mu, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe yàn án.

Àwọn tó ń tà á kì í sọ ju pé ó rẹwà lọ. Ohun tó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé ibo lára òun ni òun fẹ́ kí atẹ́gùn máa gbà. Èyí kékeré, tó kàn jókòó díẹ̀ sókè iná iwájú, ọ̀rẹ́ mi kan ní in, ó sì yá mi lò. Ikùn àti ìsàlẹ̀ àyà nìkan ló ń bò. Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú rẹ̀ ni pé àṣíborí mi dákẹ́ jẹ́jẹ́, kò mì. Atẹ́gùn tó ń bà á ń bọ̀ tààrà, kò sí ohun tó da á rú lójú ọ̀nà. Ẹni tí kì í jáde ní ìlú, tó kàn fẹ́ kí alùpùpù òun rí dáadáa, èyí ti tó o.

Èyí tó ga fíofío, irú tí ó máa ń wà lára alùpùpù ọlọ́pàá, dára nínú òjò ní tòótọ́. Àyà kì í tutù. Ṣùgbọ́n inú ike lẹ máa ń wò kọjá kí ẹ tó rí ọ̀nà. Ní alẹ́, bí òjò bá ti fọ́n sí i lára, tí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá tàn lù ú, ìmọ́lẹ̀ náà á fọ́n káàkiri, ihò tó wà níwájú yín á sì pòórá. Kò ní wáípà bíi ti mọ́tò. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tírélà náà. Ní ọ̀nà Ọ̀wọ̀, bí tírélà bá fi eré kọjá lára yín, atẹ́gùn rẹ̀ á gbá wíńsíkírìn ńlá yẹn, ọwọ́ alùpùpù ló sì so mọ́, nítorí náà ọwọ́ yẹn ni yóò jà. Èmi ò fẹ́ ohun tó máa yí ọwọ́ mi fún mi lójú títì.

Ó wá ku èyí tó wà láàrin, òun náà sì ní àléébù tirẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ lókè bá dé ibi tí kò yẹ, atẹ́gùn tó gba orí rẹ̀ kọjá á máa já sí àgbọ̀n àti iwájú àṣíborí gan-an. Orí á máa mì gbọ̀ngbọ̀n, ariwo á sì ju ti ìgbà tí kò sí wíńsíkírìn rárá lọ. Ohun tó ń fà á ni pé ẹ̀yìn ike náà ṣófo: atẹ́gùn tó kọjá lókè ń sáré yí wálẹ̀ láti di àlàfo náà, yíyí yẹn ló sì ń gbá orí. Ọ̀nà tí mo fi mọ ibi tí tèmi ń já sí rọrùn. Lórí ibi tó tẹ́ tí kò sí ọkọ̀, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì mi pẹrẹsẹ sẹ́yìn wíńsíkírìn, mo ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Nísàlẹ̀, ó pa rọ́rọ́. Bó ṣe kù díẹ̀ kó dé ọ̀gangan ojú, ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lókè ibẹ̀, atẹ́gùn le, ṣùgbọ́n ó dúró sójú kan. Ibi tí ìka ti ń gbọ̀n yẹn ni orí kò gbọ́dọ̀ sí. Mo tú apá tó gbé e dúró, mo dà á sẹ́yìn díẹ̀, mo tún gbìyànjú, títí tí ibi gbígbọ̀n náà fi bọ́ sí èjìká mi. Ariwo inú àṣíborí lọ sílẹ̀ gan-an.

Àlàfo tó wà láàrin ìsàlẹ̀ wíńsíkírìn àti irin iná iwájú, ẹ má dí i. Mo ti rí ẹni tó fi rọ́bà dí i nítorí kó lè dọ́gba. Atẹ́gùn tó ń gba ibẹ̀ wọlé ló ń bá wa di àlàfo ẹ̀yìn ike náà, òun ló sì ń dín yíyí yẹn kù.

Ní ti gíga, páálí ni mo fi wọ̀n ọ́n kí n tó náwó. Mo jókòó sórí alùpùpù bí mo ṣe máa ń jókòó lójú ọ̀nà, mo dé àṣíborí, ọmọ mi di páálí mú síbi tí wíńsíkírìn yóò wà, a sì ń gé e títí tí orí rẹ̀ fi bá imú mi dọ́gba. Mo ní láti máa rí títì láti orí rẹ̀ láìnà ọrùn. Gíga tí èèyàn ga ní ìdúró kọ́ ló ṣe pàtàkì níhìn-ín. Láti ìdí dé ojú ni. Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn lè jókòó kó kúrú ju ẹni tó ga jù ú lọ ní ìdúró.

Dídè é mọ́ alùpùpù ni mo lọ bá mẹkáníìkì mi fún. Lára Classic, irin tó bo iná iwájú ti gba ibi tí àwọn wíńsíkírìn kan máa ń di mú lára alùpùpù míì, nítorí náà èyí tó ń dì mọ́ ọwọ́ lẹ gbọ́dọ̀ rà, kí ìdè rẹ̀ sì jẹ́ ti irin tó nípọn mìlímítà 22. Bàbá náà kọ́kọ́ yí ọwọ́ dé òpin lápá òsì, ó tún yí i dé òpin lápá ọ̀tún, ó ń wo wáyà kílọ́ọ̀ṣì àti páìpù bíréèkì iwájú bóyá ohunkóhun há. Ó wá sọ fún mi pé, “Tísà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un pa. Ike ni.” Rọ́bà ni ó fi sí abẹ́ bóòtì kọ̀ọ̀kan, ó fún un títí tí rọ́bà náà fi tẹ̀ díẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró.

Ohun tí wọ́n fi ṣe é tún kàn. Ọdún 1953 ni Hermann Schnell ní Jámánì àti Daniel Fox ní Amẹ́ríkà rí polycarbonate ṣe, láìjẹ́ pé wọ́n jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe gíláàsì ojú àṣíborí púpọ̀. Bí òkúta bá fò láti abẹ́ táyà lọ́rì gbá a, kì í fọ́ yángá bíi ti ike míì tí wọ́n ń pè ní acrylic. Àmọ́ ara rẹ̀ tètè máa ń họ, àfi bí wọ́n bá kun ohun líle sí i lójú, ẹ rí i dájú pé tiyín ní in. Ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù ni pẹtiró. Ẹ sì mọ̀ pé pẹtiró ni wọ́n fi ń nu gbogbo nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì wa! Ó máa ń jẹ́ kí ike náà sán wẹ́wẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ihò bóòtì. Bẹ́ẹ̀ náà ni gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kán sí bóòtì kó má baà tú, àti oògùn nu-gíláàsì tó ní ammonia. Aṣọ òwú tó rin gbingbin ni mo máa ń tẹ́ lé e títí òkú kòkòrò fi rọ̀, kí n tó fi omi àti ọṣẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fọ̀ ọ́. Gbígbẹ kọ́ lèèyàn ń nu ún, pàápàá nígbà ọyẹ́, nítorí yanrìn ló wà nínú eruku yẹn.

Kò ṣàìní àléébù. Ní ọ̀sán gangan, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títì Ọba Adésídà, ìwọ̀nba atẹ́gùn tí à bá fi tu ara, ó ń dí i. Alùpùpù kò tipasẹ̀ rẹ̀ sáré sí i pẹ̀lú, agbára ẹṣin 20 ni ẹ́ńjìnnì ní, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Písítìnnì kan ṣoṣo ló ń lù nínú rẹ̀, gbígbọ̀n rẹ̀ sì máa ń tú bóòtì, nítorí náà mo máa ń fọwọ́ kan gbogbo wọn kí n tó rin ọ̀nà jíjìn. Bóòtì tó bá a wá nínú páálí dógùn-ún ní àkókò òjò àkọ́kọ́, inú sì bí mi sí èyí, nítorí owó wíńsíkírìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti táyà ẹ̀yìn tuntun. Mo ti fi ti irin tí kì í dógùn-ún pààrọ̀ wọn. Ẹ wọn gígùn bóòtì àtijọ́ kí ẹ tó ra tuntun, torí bí ó bá gùn jù, ẹnu rẹ̀ á yọ síta lẹ́yìn, á sì máa ha wáyà kílọ́ọ̀ṣì.